Òkú tí A Kì í Wádìí

Bí arúgbó bá kú ní ilẹ̀ Yorùbá, ìlù àti oúnjẹ ni a ó fi ṣe òkú rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò da ara rẹ̀ láàmú pé kí ni ó pa á. Ọjọ́ orí rẹ̀ tó, ó sì lọ. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ogún ọdún bá kú, ìdílé kò ní í sùn. Wọn yóò béèrè ibi tí ó lọ, ohun tí ó jẹ, ẹni tí ó bá jà. Àwọn kan yóò tọ babaláwo lọ, àwọn mìíràn yóò ní kí dókítà la òkú náà wò. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé àwọn ènìyàn tí ó ní irú àṣà yìí ni wọ́n ń ju bíárìn tí kò tíì lo oṣù mẹ́ta sí ààtàn sọ́míìlì, tí wọ́n sì ń ránṣẹ́ lọ ra òmíràn láì wo ojú òkú náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo mọ̀ pé irin kì í ṣe ènìyàn. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pẹ̀lú pé ìtàn bíárìn, láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ títí di òní, jẹ́ ìtàn àwọn ènìyàn díẹ̀ tí wọ́n kọ̀ láti sin òkú irin láì wádìí rẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú mọ́ ẹnikẹ́ni lójú, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹ̀rọ tí mò ń wí. Bándísọ̀ ni ayùn tí a fi irin pẹlẹbẹ gígùn ṣe, tí a jó ẹnu rẹ̀ méjèèjì pọ̀ títí ó fi dà bí bẹ́líìtì. Kẹ̀kẹ́ irin méjì ni a fi í kọ́: ẹ́ńjìnnì ń yí ọ̀kan, èkejì ń tẹ̀lé e. Èyí tí a lè gbé kiri nínú wọn kò wúwo púpọ̀. Orí ọkọ̀ àfàkẹ́yìn ni a ń gbé e lé, tí a ó sì wọ́ ọ wọ inú igbó lọ bá ìtì igi níbi tí ó wó sí, dípò kí a máa wọ́ ìtì igi wá bá a ní ìlú. Igi a dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́. Ayùn ni yóò máa rìn lórí irin méjì kọjá lára rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Wood-Mizer, tí a dá sílẹ̀ ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1982, wà lára àwọn tí ó sọ irú ẹ̀rọ yìí di ohun tí olóko kékeré lè rà. Inú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni bíárìn ń gbé: òrùka irin méjì, ọ̀kan nínú èkejì, tí ọmọ irin róbótó-róbótó tò sí àárín wọn, tí gírísì sì bò wọ́n. Òun ni ó jẹ́ kí irin lè máa yí nínú irin láì jẹ ara wọn.

Àwọn bàbá wa tí wọ́n ṣe iṣẹ́ agégedú kò mọ bíárìn, nítorí pé ayùn tiwọn kì í yí. Wọn a gbẹ́ kòtò, wọn a gbé ìtì igi dábùú rẹ̀, ọkùnrin kan a dúró lókè, èkejì a wọ inú kòtò, wọn a sì máa fa ayùn gígùn lókè-nísàlẹ̀, èérún igi a máa dà sí ẹni ìsàlẹ̀ lójú. Nígbà tí ayùn olóbìrìkìtì tí ẹ̀rọ ń yí dé, ó yára gan-an, ṣùgbọ́n ọ̀jẹun ni. Nítorí pé ó gbọ́dọ̀ nípọn kí ó má baà tẹ̀, ó lè sọ igi tí ó nípọn tó mìlímítà 6 di èérún ní gbogbo ìgbà tí ó bá kọjá. Bándísọ̀ tín-ín-rín kì í jẹ ju bíi mìlímítà 2 lọ. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: bí a bá la igi kan lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, mìlímítà 40 ni bándísọ̀ yóò gbà là, èyí sì ju pákó kan tí ó nípọn ní íǹṣì kan lọ. Ní ilẹ̀ tí ọ̀gànwó àti ìrókò ti ń di ohun àwátì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ó pẹ́ kí ayùn yìí tó ṣeé lò. William Newberry gba ìwé-àṣẹ fún un ní London ní ọdún 1808, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè so ẹnu irin náà pọ̀ kí ó má já. Obìnrin ará Faransé kan, Anne Paulin Crépin, ni ó gba ìwé-àṣẹ ní ọdún 1846 fún ọ̀nà tí a lè gbà jó o pọ̀. Périn ti Paris gba ọ̀nà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún un ṣe, ó sì gbé ẹ̀rọ tí ó ṣiṣẹ́ jáde níbi ìpàtẹ ńlá tí wọ́n ṣe ní ìlú náà ní ọdún 1855. Ó wù mí láti rán òǹkàwé létí orúkọ obìnrin yẹn, nítorí pé àwọn tí ń sọ ìtàn ẹ̀rọ sábà máa ń fò ó.

Bí ìṣòro ẹnu ayùn ṣe ń yanjú ni ti kẹ̀kẹ́ ń yọjú. Ayùn kò lè gún bí a kò bá fà á le, bí a bá sì fà á le, ọ̀pá kẹ̀kẹ́ ni yóò ru ẹrù náà. Ẹrù ọ̀hún kì í ṣe ẹyọ kan: okùn ayùn ti òkè ń fà, ti ìsàlẹ̀ náà ń fà, nítorí náà ìlọ́po méjì agbára tí ó wà lára ayùn ni ó wà lórí ọ̀pá. Ní ìgbà àtijọ́, irin rírọ̀ ni wọ́n fi ń tẹ́ abẹ́ ọ̀pá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Isaac Babbitt, ará Amẹ́ríkà, ni ó hùmọ̀ èyí tí ó gbajúmọ̀ jù ní ọdún 1839. Tánganran ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, tí a yọ́ pọ̀ mọ́ bàbà díẹ̀ àti irú irin mìíràn kan. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa bu epo sí i ní gbogbo ìgbà. Bí ó bá jẹ tán, alágbàṣe sọ́míìlì a dá iná, a yọ́ òmíràn, a dà á sí àyè rẹ̀, iṣẹ́ a sì tún bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ohun tí alágbẹ̀dẹ wa lè ṣe ni. Àwọn tí ó ń yọ́ idẹ ní Ifẹ̀ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rin ọdún sẹ́yìn ìbá fi irú iṣẹ́ yẹn ṣeré.

Bíárìn ọlọ́mọ irin ni alágbẹ̀dẹ kò lè ṣe. Philip Vaughan, ará Wales, ti gba ìwé-àṣẹ fún un láti ọdún 1794 fún kẹ̀kẹ́ ẹṣin, ṣùgbọ́n ìhùmọ̀ náà sùn sínú ìwé. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni ó jí i. Jules Suriray, tí ó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Paris, gba ìwé-àṣẹ tirẹ̀ ní ọdún 1869, ní ọdún náà gan-an sì ni James Moore fi kẹ̀kẹ́ tí ó ní irú bíárìn bẹ́ẹ̀ gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje tí wọ́n sá láti Paris dé Rouen. Síbẹ̀, ọwọ́ kò lè ṣe ọmọ irin tí gbogbo wọn yóò tóbi bákan náà, bí ọ̀kan bá sì fi díẹ̀ ju àwọn ìyókù lọ, òun nìkan ni yóò ru ẹrù gbogbo ẹgbẹ́, yóò sì fọ́. Ọdún 1883 ni Friedrich Fischer ṣe ẹ̀rọ kan ní Schweinfurt ní Jámánì tí ó ń lọ ọmọ irin líle títí gbogbo wọn yóò fi rí bákan náà. Láti ibẹ̀ ni ìlú kékeré yẹn ti di ojúbọ bíárìn. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì le, bàálù Amẹ́ríkà 60 ni kò padà sílé ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 1943 nìkan, nítorí pé wọ́n lọ ju bọ́ǹbù sí àwọn ilé-iṣẹ́ bíárìn ibẹ̀. Ẹni tí ó bá rò pé bíárìn kò jẹ́ nǹkan, kí ó ro iye owó yẹn wò.

Ẹni tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí ni Sven Wingquist. Òun ni ó ń bójú tó ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ kan ní Göteborg ní Swídìn. Orí ilẹ̀ amọ̀ ni wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ náà sí. Amọ̀ a máa rì díẹ̀díẹ̀, ọ̀pá gígùn tí ń yí ẹ̀rọ a wọ́, bíárìn tí wọ́n ń rà láti òkè òkun a sì fọ́, wọn a tún ránṣẹ́ ra òmíràn, wọn a dúró kí ó dé. Mo rò pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ní sọ́míìlì ní ilẹ̀ wa mọ irú ìdúró bẹ́ẹ̀. Wingquist kò fi ẹ̀sùn kan ẹni tí ó ta bíárìn. Ó lọ wo bí bíárìn ṣe ń kú, ó rí i pé ọ̀pá tí kò gún mọ́ ni ó ń pa á, ó sì ṣe òmíràn tí ó ní ìlà ọmọ irin méjì, tí ojú inú òrùka òde rẹ̀ rí bí inú igbá, kí òrùka inú lè máa tẹ̀ lé ọ̀pá bí ó bá dagun. Ọdún 1907 ni. Lórí èyí ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ SKF sílẹ̀ ní ọdún kan náà.

Ilé-iṣẹ́ yìí kan náà ni Arvid Palmgren ti ṣiṣẹ́, ẹni tí ó béèrè ohun tí ó jọ àfojúdi létí wa: ọjọ́ mélòó ni bíárìn yóò lò láyé? Ní ọdún 1924 ó kọ ìdáhùn rẹ̀ jáde, òun àti Gustaf Lundberg sì tún un ṣe ní ọdún 1947. Kò sọ pé bíárìn kan pàtó yóò kú ní ọjọ́ báyìí; ó sọ iye ìyípo tí 90 nínú 100 yóò lè parí kí àárẹ̀ tó mú irin wọn. Bíárìn kọ̀ọ̀kan ní ẹrù kan tí a kọ sínú ìwé fún un, èyí tí ó lè rù fún ìyípo mílíọ̀nù kan. Mílíọ̀nù kan dà bí ohun tí ó pọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìlagi tí a ń gbé kiri ní kẹ̀kẹ́ tí ó fẹ̀ ní íǹṣì 19, ayùn wọn sì ń sá nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 5,000 ní ìṣẹ́jú kan. Kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ ń yí nǹkan bí ìgbà 1,000 ní ìṣẹ́jú. Wákàtí 17 kò ní í pé kí mílíọ̀nù kan tó parí.

Ẹrù ni ó wá ń pinnu ohun gbogbo. Bí ẹrù bá dín sí ìdajì, ọjọ́ ayé bíárìn ọlọ́mọ róbótó a di ìlọ́po mẹ́jọ. Bí ó bá di ìlọ́po méjì, ọjọ́ ayé a di ìdá kan nínú mẹ́jọ. Bíárìn tí ó ń ru ìdá mẹ́wàá ohun tí ìwé kọ fún un yóò lò ju wákàtí 16,000 lọ, èyí tí ó ju ọdún méje lọ fún ẹni tí ń la igi fún wákàtí mẹ́fà lójoojúmọ́. Kí ẹni náà wá fa ayùn rẹ̀ le tó ìlọ́po méjì nítorí pé pákó ń wọ́: ọdún kan kò ní í pé. Bẹ́ẹ̀ ni ayùn tí kò mú ni ó sábà máa ń jẹ́ kí pákó wọ́. A kò pọ́n ayùn, a wá ń fi bíárìn san gbèsè rẹ̀.

Èyí tí mo ń ṣírò yìí, ikú ogbó ni. Ọ̀pọ̀ bíárìn sọ́míìlì kì í dé ibẹ̀. Èwe ni wọ́n ń kú. Omi ni mo kọ́kọ́ fura sí. A máa ń jẹ́ kí omi kán sórí ayùn kí oje igi má baà lẹ̀ mọ́ ọn, ó sì dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n omi náà ń tẹ̀lé ayùn dé kẹ̀kẹ́, ó ń gbé èérún igi lọ́wọ́, ó sì ń wá ojú àlàfo tí yóò gbà wọlé. Tí ó bá ti wọlé, gírísì a funfun bí ọ̀rá wàrà, kò sì tún ní í dáàbò bo nǹkan kan mọ́. Lẹ́yìn èyí ni àìfún un ní gírísì, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ènìyàn kì í kà sí ẹ̀ṣẹ̀, èyí ni àfúnjù. Gírísì tí a tì kún inú bíárìn bámúbámú kò ní ibi tí yóò yà sí. Ọmọ irin a máa po ó títí yóò fi gbóná, a sì ti ìdè ẹ̀gbẹ́ bíárìn jáde kí eruku lè wọlé. Òòlù náà ń pa á: ẹni tí ó bá ń gbá òrùka òde kí òrùka inú lè wọ ọ̀pá, ọmọ irin ni ó fi ń ṣe àáké. Wẹ́dà náà ń pa á láì mọ̀, bí ó bá so wáyà rẹ̀ mọ́ apá kan ẹ̀rọ tí ó ń jó irin ní apá kejì, tí iná fi gba inú bíárìn kọjá. Ìrókò pàápàá wà lára àwọn ọ̀daràn, nítorí pé òkúta ẹfun líle a máa dì sínú igi rẹ̀ nígbà mìíràn. Bí ayùn bá lù ú, ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ dé inú ọ̀pá.

Àwọn bíárìn kéékèèké tí ó wà nínú róólà tí ń tọ́ ayùn sọ́nà ni wọ́n ń kọ́kọ́ kú. Kò yẹ kí èyí ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Róólà tí ó fẹ̀ ní íǹṣì 2 gbọ́dọ̀ yí ju ìgbà mẹ́sàn-án lọ kí kẹ̀kẹ́ oní-íǹṣì 19 tó yí lẹ́ẹ̀kan, àárín èérún àti omi ni ó sì ń gbé.

Ikú kan tún wà tí ó jẹ́ ti ẹ̀rọ tí a ń gbé kiri ní pàtàkì, òun sì ni ó ṣòro jù láti gbàgbọ́: bíárìn lè kú nígbà tí kò ṣe iṣẹ́ kankan. Ní àwọn ọdún 1930, wọ́n rí i ní Amẹ́ríkà pé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí wọ́n fi rélùwéè kó lọ sí ọ̀nà jíjìn a máa dé pẹ̀lú bíárìn kẹ̀kẹ́ tí ó ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò tíì wà á. Ojú òrùka ní àmì kòtò-kòtò tí ó jìnnà sí ara wọn gẹ́gẹ́ bí ọmọ irin ṣe jìnnà sí ara wọn. Ó jọ àmì tí ọmọ irin líle ń fi sára irin nínú ìdánwò tí Johan August Brinell ará Swídìn gbé kalẹ̀ ní ọdún 1900, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹrù ńlá ni ó fà á. Gbígbọ̀n ni. Ọmọ irin tí kò yí, tí ó kàn ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún lójú kan, ń lé gírísì kúrò lábẹ́ ara rẹ̀, irin a sì máa ha irin níbẹ̀ títí èérún pupa bí ìpẹtà yóò fi jáde. Ẹ wá ro ẹ̀rọ ìlagi tí a so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, tí ayùn rẹ̀ ṣì le kankan lórí kẹ̀kẹ́, tí a sì wọ́ gba ọ̀nà igbó oníkòtò fún odindi ọjọ́ kan. Ìwé ìlò ẹ̀rọ máa ń sọ pé kí a dẹ ayùn bí iṣẹ́ ọjọ́ bá parí. Ìwé náà sábà máa ń sọnù kí ẹ̀rọ tó dé ọwọ́ olówó rẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Ní ilẹ̀ wa, ẹ̀rọ tí ó pọ̀ jù ni bándísọ̀ ńlá tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní CD, tí kì í sábà kúrò lójú kan. Títí di ọdún 2022, tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kó àwọn onígẹdú Òkò Bàbà lọ sí Àgbọ̀wà, ẹni tí ó bá gba orí afárá kẹta kọjá ní Èkó a máa rí èéfín èérún igi wọn lórí ọ̀sà. Mo ti lọ ra pákó níbẹ̀ rí. Ọkùnrin tí ń darí ẹ̀rọ náà ṣàdédé dá a dúró, ó tún un tan, ó sì fi ẹnu sukúdíráfà kan ilé bíárìn, ó fi ìdí rẹ̀ kan etí ara rẹ̀. "Bàbá, ẹ wá gbọ́ ọ," ni ó wí. Mo gbọ́ ọ: ohùn kan tí ń há, tí ó ń wá tí ó ń lọ, lábẹ́ ariwo tí ó kún gbogbo ibẹ̀. Ó ní yóò lo ọ̀sẹ̀ kan sí i. Mo bi í léèrè pé kí ni ó ṣe é. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà, sà. Bíárìn ni, ó ti jẹ nìyẹn."

Etí ọkùnrin yẹn kò ní ẹlẹ́gbẹ́. Àwọn kan ń sọ pé nítorí pé èdè wa ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ni etí wa ṣe mú bẹ́ẹ̀. Èmi kò gbà á gbọ́, nítorí pé mẹkáníìkì Jámánì náà ń fi sukúdíráfà gbọ́ bíárìn. Ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ dùn mí. Ó mọ ọjọ́ ikú, kò bìkítà fún ohun tí ó fà á. Ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀ ni ojúbọ Ògún wà, mo sì rí i pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ ọ́. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn; ẹni tí ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ayùn tí ó ń sá mítà 25 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ní ìdí láti bẹ ẹnìkan. Bí bíárìn bá jẹ tán, kẹ̀kẹ́ a mì, ayùn a sì lè fò kúrò lórí rẹ̀, ara ènìyàn kò sì ní agbára irin. Ohun tí mo rò ni pé Ògún tí ó jẹ́ alágbẹ̀dẹ yóò kọ́kọ́ fẹ́ kí a fi bíárìn tí ó kú náà han òun.

Bí a bá sì fi ayùn irin gé òrùka òde rẹ̀, tí a fi epo fọ̀ ọ́, tí a gbé e sí oòrùn, òkú náà ń sọ̀rọ̀. Bí ojú ọ̀nà ọmọ irin bá ń ṣí bí èèpo ògiri ní ibi tí ẹrù ti ń tẹ̀ ẹ́ nìkan, ọjọ́ ogbó ni, kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ojú ọ̀nà náà bá ṣú, tí ó kún fún àmì wínníwínní yíká, èérún àti iyanrìn ni ó wọ ibẹ̀. Ìpẹtà tí ó tò bí ọmọ irin ṣe tò jẹ́ ti omi tí ó sùn sínú rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ dúró. Kòtò tí ó tò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan òrùka, iṣẹ́ òòlù ni. Irin tí ó di aró bí ọ̀bẹ tí iná jó, gírísì ni kò rí tàbí ó gbóná jù. Bí ojú ọ̀nà bá dà bí pákó ìfọṣọ, kí a bi wẹ́dà ibi tí ó so wáyà rẹ̀ mọ́. Bí inú òrùka kékeré bá sì ń dán bí dígí, ó ti ń yí lórí ọ̀pá, kò dì í mú. Bí a bá fi bíárìn tuntun sórí ọ̀pá kan náà láì tún un ṣe, yóò kú ikú kan náà. Èyí tí ó kẹ́yìn ni ipa tí ó dagun, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní etí ọ̀tún òrùka tí ó sì parí ní etí òsì: kẹ̀kẹ́ kò gún lórí ọ̀pá, tàbí ilẹ̀ tí a gbé ẹ̀rọ lé ti rì ní apá kan, gẹ́gẹ́ bí amọ̀ ti rì lábẹ́ ilé ìhunṣọ Göteborg.